Lẹ́tà Tó Dúró De Ọjọ́ Mọ́ńdè

Ẹ jẹun tán ná, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ tó máa bi mí ní ìbéèrè. Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ tú táì yín díẹ̀, ooru Kano kì í bọ̀wọ̀ fún táì. Ẹ ní kí n sọ bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe máa ń rí fún wa nígbà tí èmi náà ń ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yìí, tí mò ń rìn káàkiri Sabon Gari pẹ̀lú ìwé lábẹ́ abíyá àti báàjì tí wọ́n kọ orúkọ mi àti ti Olúwa sí láyà. Ẹ rò pé màá pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan wà tí mi ò lè rántí kí ara mi má bù máṣọ. Òun ni màá sọ. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kódà ìyàwó mi tó se oúnjẹ yìí ò gbọ́ ọ. Àwọn tó yẹ kí n sọ ọ́ fún ti kú tán.

Nígbà yẹn, Sabon Gari kò rí bí ẹ ṣe ń wò ó yìí. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ń gùn kò tíì dé. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn, bí ẹsẹ̀ bá sì kọ̀, a ó gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní achaba, èmi àti ẹnì kejì mi lẹ́yìn ọlọ́kadà kan ṣoṣo, nítorí òfin wa ni pé a ò gbọdọ̀ pínyà. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń jí wa ní Yorùbá Róòdù. Lẹ́yìn náà la ó gbọ́ àwọn mai ruwa, àwọn Hausa tó ń ru garawa omi méjì-méjì kiri, tí garawa wọn ń dún gbàǹgbàǹ láti ojúlé dé ojúlé. Ọkọ̀ ojú irin náà á fọn fèrè, ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé á dákẹ́ díẹ̀ bó bá gbọ́ ọ, torí ó mọ̀ pé ọ̀nà ilé ló gbà yẹn.

Àwa tí ayé ń pè ní Mọ́mọ́nì ò pọ̀ ní Kano rárá. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, irùngbọ̀n mi ò tíì kún, Alàgbà ni wọ́n sì ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀yin náà lónìí. Àwọn bàbá Yorùbá àdúgbò á rí wa lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á ṣe bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní, "Alàgbà, ẹ wá bá wa pín ogún." Bí a bá wọlé tọ̀ wọ́n lọ, tíì ni wọ́n kọ́kọ́ máa fi ṣe wá lálejò. A ó ní a kì í mu tíì. Wọ́n á ní ó dára, kọfí ńkọ́? A ó ní a kì í mu ún. Wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á wá ránṣẹ́ ra bíà. Ilé tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín báyẹn ṣì sàn. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọn ò ní jẹ́ kí a délẹ̀ kí wọ́n tó pa ilẹ̀kùn dé.

Ẹnì kejì mi ni Òkón, ọmọ Calabar, ọkùnrin gíga kan tó máa ń kọrin bó bá ń rìn. Kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Pidgin àti gẹ̀ẹ́sì la fi ń bára wa sọ̀rọ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo ohun tó ti lọ ni bí lẹ́tà ṣe ń rìn láyé ìgbà náà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá Kano ò fọkàn tán an. Àwọn obìnrin tó ń ra aṣọ ní Kantin Kwari, tí wọ́n ń gbé e lọ tà ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn gan-an ni ilé ìfìwéránṣẹ́ wa. Lẹ́tà ni o, fọ́tò ni o, èlùbọ́ ni o, ìròyìn ẹni tó bímọ, gbogbo rẹ̀ ló ń bá ẹrù aṣọ wọn lọ bọ̀. Kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni ń fọwọ́ sí. Orúkọ obìnrin náà ni òǹtẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní gareji pé lágbájá gbé lẹ́tà pamọ́, ó parí nìyẹn, kò sí ẹni tó tún máa fi nǹkan lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ fóònù, ó dé. Ẹ ò mọ ohun tó jẹ́ láti fi gbogbo ọ̀rọ̀ ilé yín sí etí ìró obìnrin kan kí ẹ sì lọ sùn.

Ìyá Ráfíù wà nínú wọn. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, ọkọ wọn ló ni ilé tí èmi àti Òkón ń gbé. Oṣooṣù ni wọ́n ń lọ sílé. Wọn ò fẹ́ràn ìwàásù wa, wọ́n ní ọ̀rọ̀ wa gùn jù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá se tuwo, abọ́ tiwa á wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi lẹ́tà rán wọn tó ń bẹ̀rù. Wọ́n ní òjò pa wọ́n rí nínú ọkọ̀ akẹ́rù, aṣọ tí wọ́n rà bàjẹ́, àmọ́ lẹ́tà tó wà nídìí wọn ò tutù.

Ìyá tó bí mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ngbọ́n. Bàbá mi ti kú, èmi sì ni ọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún wọn pé ìjọ mìíràn ni mo ti rí, pé màá fi ọdún méjì ṣe iṣẹ́ wọn, wọn ò sunkún, wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Bí o bá jáde, má kọ̀wé sí mi. Èmi náà ò ní kọ sí ọ." Mo jáde. Mo kọ̀wé ní gbogbo Mọ́ńdè, ó lé ní ọdún kan, wọn ò dá mi lóhùn.

Mọ́ńdè ni ọjọ́ ìsinmi wa, bó ṣe jẹ́ tiyín náà. Ọjọ́ yẹn la ń fọṣọ, tí a ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ṣẹ́ẹ̀tì, tí a ń kọ̀wé sílé. Kò sí ẹni tó ní kí a má ka lẹ́tà lọ́jọ́ mìíràn o. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ purọ́ mọ́ ìjọ. Èmi ni mo fi òfin tèmi lé òfin. Mo ní bí lẹ́tà bá dé lọ́jọ́ iṣẹ́, inú àpótí ni yóò wà di Mọ́ńdè, kí ọkàn mi má baà kúrò lára iṣẹ́. Mo fi ń yangàn. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń já lẹ́tà ní Ọjọ́rú, mo máa ń wò wọ́n bí ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Àárọ̀ Túsìdeè kan ni Ìyá Ráfíù kan ilẹ̀kùn wa. Wọ́n ti ilé dé, eruku ọ̀nà ò tíì kúrò lójú wọn. Wọ́n tú etí ìró, wọ́n yọ lẹ́tà kan. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Dọ́kásì, ló sáré wá bá àwọn ní gareji, ó ní kí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ kíákíá. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ fún wọn, torí ta ló ń pariwo ọ̀rọ̀ ilé ní gareji? Lẹ́tà wo ni wọn ò sì ń sọ pé kíákíá ni? Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ìyá mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n orúkọ wọn ni ẹni tó bá wọn kọ ọ́ kọ sẹ́yìn.

Òkón ní kí n já a. Mo ní ó di Mọ́ńdè. Ó ní ṣé ìyá rẹ tí kò kọ̀wé láti ọjọ́ yìí ló kọ̀wé, o ní ó di Mọ́ńdè? Mo ti lẹ́tà náà bọ abẹ́ aṣọ nínú àpótí, mo sì ti kọ́kọ́rọ́.

A jáde lọ síṣẹ́. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, eruku bo gbogbo ojú ọ̀run, ètè wa ń bẹ́. Láti àárọ̀ Túsìdeè di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ilé mẹ́ta péré ló ní ká jókòó. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ kí a bá òun wá iṣẹ́ fún ọmọ òun. Ní Ọjọ́rú, Òkón ń kọrin lọ, kò wo ilẹ̀, ó já sínú gọ́tà ní ẹ̀yìn ilé ọtí kan, ṣẹ́ẹ̀tì funfun di dúdú dé ọrùn. Gbogbo àwọn tó ń mutí níbẹ̀ dìde pàtẹ́wọ́, wọ́n ní Alàgbà ti ri ara rẹ̀ bọmi. Nígbà mìíràn, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á pa mí lẹ́rìn-ín fún odindi oṣù. Lọ́jọ́ yẹn mi ò lè rẹ́rìn-ín, ọkàn mi wà nínú àpótí.

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Kí n má tàn yín. Mò ń sọ fún Òkón pé òfin ni, mò ń sọ fún ara mi pé ìtara ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni. Ìyá tó fi ọdún kan dákẹ́, kí ni wọ́n tún fẹ́ sọ bí kì í bá ṣe pé wọ́n kọ̀ mí lọ́mọ? Mo ń rí ọ̀rọ̀ náà lójú bí mo bá dijú láti gbàdúrà. Mọ́ńdè tí mo sọ pé mò ń dúró dè, mi ò fẹ́ kó dé.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ìyá Ráfíù bá mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ṣé àlàáfíà ni àwọn ará ilé wà?

Mo ní, "Mi ò tíì kà á, Mà. Mọ́ńdè ni mo máa ń ka lẹ́tà."

Wọ́n ní, "Haba, Alàgbà. Ta ló sọ fún ẹ pé ọ̀rọ̀ ìyá ní ọjọ́? Mo gbé lẹ́tà yẹn sídìí láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ibí, mi ò jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ mi ju òru kan lọ. Ìwọ wá tì í mọ́ àpótí."

Mo ní ẹ má bínú, Mà. Mo sáré kọjá bí ẹni pé iṣẹ́ ń pè mí.

Jímọ̀ ni ọjọ́ tí a pọn omi. Ọkùnrin fọkanáísà kan wà tó ń jẹ́ Sámúẹ́lì, òun nìkan ló gba ọ̀rọ̀ wa láàárín oṣù mẹ́ta, Sátidé la sì fẹ́ ṣèrìbọmi fún un. Ìrìbọmi tiwa, ẹ mọ̀ ọ́n, gbogbo ara ló gbọ́dọ̀ wọ inú omi. Lónìí, ẹ yí ẹ̀rọ, omi ya wọlé. Láyé tiwa, adágún tí a fi sìmẹ́ńtì mọ lẹ́yìn ilé ìjọsìn la ní, mai ruwa la sì fi ń kún un, garawa méjì-méjì. Àwọn Hausa náà ń da omi, wọ́n ń bi wá pé irú ẹran wo la fẹ́ sìn nínú kòtò yìí. Ó tó ọjọ́ kan gbáko kí omi tó dé àyà. Ilẹ̀ ń fà á mu, a tún ń ránṣẹ́ pè wọ́n. Inú mi dùn díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn torí iṣẹ́ náà le, kò jẹ́ kí n ronú.

Ní Sátidé, bí oòrùn ti ń yí sí ìwọ̀-oòrùn, mo wọ inú omi pẹ̀lú Sámúẹ́lì. Aṣọ funfun wà lára àwa méjèèjì. Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi sókè, mo sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ, mo sì tẹ̀ ẹ́ bọmi. Nígbà tó yọrí, ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wákàtí yẹn ni wákàtí tó dára jù láyé mi. Ẹ fi wákàtí yẹn sọ́kàn, torí mo ti bi Àǹtí Dọ́kásì lẹ́yìn náà, mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nílé ní wákàtí kan náà.

Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e ni Sọ́ńdè ààwẹ̀. Oúnjẹ ò kàn wá lẹ́nu, omi ò kàn wá lẹ́nu. Olúkúlùkù ló ń gbé ohun tó ń fẹ́ síwájú Ọlọ́run lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ni èmi gbé síwájú Rẹ̀. Mo ní Olúwa, jẹ́ kí wọ́n dárí jì mí, jẹ́ kí ohun tó wà nínú lẹ́tà yẹn rọ̀. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi kú. Ọmọdé ni mí, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó yí ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ padà.

Mọ́ńdè dé. Mo kọ́kọ́ fọ aṣọ. Mo fọ tèmi, mo tún fọ ti Òkón, mo sá a. Nígbà tí kò sí nǹkan kan mọ́ tí mo lè fọ̀, mo ṣí àpótí.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, mo mọ̀ ọ́n sórí: "Ọmọ mi, inú ló ń dà mí láàmú. Wọ́n ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn máa là mí ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀rù ń bà mí. Wá kí n fojú kàn ọ́ kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Mo gbọ́ pé wọn kì í jẹ́ kí o dá rìn. Mú ẹnì kejì rẹ dání, má rú òfin nítorí mi. Mo ti ní kí Dọ́kásì tẹ́ ẹní méjì."

Mo kà á fún Òkón ní gẹ̀ẹ́sì. Kò tíì gbọ́ ọ tán tó ti ń wọ bàtà. A lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, a pe ẹni tó ń ṣáájú wa, ó ní ká máa lọ lójú ẹsẹ̀, ó ní kí la tún ń dúró ṣe. A wọ ọkọ̀. Gbogbo ọ̀nà náà mò ń sọ fún ara mi pé ẹni tí wọ́n là ní Jímọ̀, á ti máa mu ògì ní Túsìdeè.

Ọ̀sán Túsìdeè la dé. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni mo ti rí ilẹ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jọ. Àìsàn náà ti jìnnà nínú wọn kí wọ́n tó là wọ́n, wọn ò jí. Jímọ̀ ni wọ́n kú, Sátidé ni wọ́n sin wọ́n, bí oòrùn ti ń yí sí ìwọ̀-oòrùn. Nínú yàrá wọn, ẹní méjì ṣì wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó rántí láti ká a.

Àǹtí Dọ́kásì ò lù mí, kò bú mi. Ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní, "Ìyá wa ń wo ọ̀nà ẹ títí di ẹnu ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ti là wọ́n. Ọjọ́ wo ni lẹ́tà yẹn dé ọwọ́ ẹ?"

Ẹ̀yin ọmọ, ibẹ̀ ni mo ti lè sọ òtítọ́. Mo wo ojú rẹ̀. Òun nìkan ló kù fún mi láyé.

Mo ní, "Àná ni."

Òkón bi mí pé kí ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí. Mo ní ó ní ìgbà wo la kúrò ní Kano. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pa irọ́ méjì lórí ilẹ̀ ìyá mi, nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú orúkọ Olúwa láyà mi.

Àǹtí Dọ́kásì ṣírò ọjọ́ lórí ìka. Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló fún Ìyá Ráfíù, àná ló dé ọwọ́ mi. Ó dìde, ó ní, "Obìnrin yẹn jókòó lé lẹ́tà ìyá mi fún ọ̀sẹ̀ kan." Mi ò rò ó débẹ̀ rí. Ó jáde, mi ò pè é padà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé gareji. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Ti èmi, òtítọ́ ò lé e rárá. Ó jókòó sílé, ó ń wò ó.

A padà sí Kano, iṣẹ́ ń bá a lọ. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Ìyá Ráfíù ti ilé dé. Òkón ń wẹ̀ lẹ́yìn ilé, èmi nìkan ni mo wà lágbàlá. Wọ́n sọ ẹrù wọn kalẹ̀, wọ́n jókòó lé e.

Wọ́n ní, "Alàgbà, wọn ò fún mi ní lẹ́tà kankan lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní mo gbé ti ìyá ẹ pamọ́. Wọ́n ní ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Mo ní ọjọ́ òní gan-an ni màá kọ̀wé sí Àǹtí Dọ́kásì, màá sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde. Mi ò dìde.

Wọ́n ní, "Má kọ nǹkan kan. Bó bá gbọ́ pé àpótí ẹ ni lẹ́tà yẹn wà láti Túsìdeè, kò ní foríjì ẹ́ láyé. Ìyá ẹ ti lọ. Mi ò lè tún gba ẹ̀gbọ́n ẹ lọ́wọ́ ẹ. Jẹ́ kó wà lọ́rùn mi."

Ó yẹ kí n kọ̀. Mo jẹ́ kó wà lọ́rùn wọn. Nígbà tí ọdún méjì mi pé, àwọn náà ló mú mi wọ Kantin Kwari, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń mọ aṣọ tó dáa sí èyí tí kò dáa, ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹ rí nínú ilé yìí ti wá. Wọ́n tún gbé ayé fún ọdún mọ́kàndínlógún, wọ́n ń lọ sílé, wọ́n ń bọ̀, kò sí ẹni tó fi lẹ́tà rán wọn mọ́. Èmi gan-an, bí mo bá kọ̀wé sí Àǹtí Dọ́kásì, ọwọ́ ẹlòmíràn ni mò ń fi í rán.